Bí A Ti Lé Sòbìà Kúrò Ní Ilẹ̀ Nàìjíríà

Àwọn àgbà ní, kí sòbìà tó degbò, olúgàǹbe ni à ń ké pè. Òwe yìí fi hàn pé àìsàn náà kì í ṣe àlejò láàárín wa. Àgbẹ̀ tí sòbìà bá mú ní ẹsẹ̀ ní àkókò iṣẹ́, ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ni yóò fi wà ní ìdùbúlẹ̀. Koríko yóò bo oko rẹ̀, ebi yóò sì wọ ilé.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbàgbọ́ pé inú ẹ̀jẹ̀ ni sòbìà ti ń wá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Inú omi adágún ni. Kòkòrò wẹ́wẹ́ kan ń bẹ níbẹ̀ tí ó máa ń gbé ọmọ sòbìà mì. Ẹni tí ó bá mu omi náà láìsẹ́ ẹ ti gbé àìsàn wọ inú. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún kan, aràn náà yóò dá ihò sí ara, yóò sì máa jáde díẹ̀díẹ̀. Òmíràn gùn tó mítà kan. Bí aláìsàn bá ti ẹsẹ̀ bọ omi kí ó lè tù ú, aràn yóò tú ọmọ rẹ̀ sí i, gbogbo ìlú yóò sì tún mu ún.

Ní ọdún 1988, ìjọba àpapọ̀ dá ètò kan sílẹ̀ láti pa sòbìà run. Nígbà tí a ka àwọn aláìsàn káàkiri, wọ́n lé ní 650,000. Kò sí oògùn tí ó lè wò ó, kò sì sí abẹ́rẹ́ àjẹsára. Kí ni kí a ṣe?

Àwọn ará abúlé fúnra wọn ni a fi iṣẹ́ lé lọ́wọ́. A yan ẹnì kan ní ìletò kọ̀ọ̀kan láti ka àwọn aláìsàn, láti di egbò wọn, àti láti kìlọ̀ fún wọn kí wọ́n má wọ omi. A pín aṣọ asẹ́ fún àwọn ìyá ilé. A da oògùn Abate sí adágún ní ìwọ̀n tí ó ń pa kòkòrò náà láìpa ẹni tí ń mu ún lára. A sì gbẹ́ kànga. Ilé iṣẹ́ Carter Center ràn wá lọ́wọ́. Láti ọdún 1999, Ọ̀gágun Yakubu Gowon fúnra rẹ̀ ń bẹ àwọn abúlé wò.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2008, a rí aláìsàn ìkẹyìn, ní ìpínlẹ̀ Enugu. Ní 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí pé sòbìà ti tán ní Nàìjíríà.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe sùn, ẹ̀yin òǹkàwé wa. Ní ọdún 2024, a ṣì rí i ní Chad. Ẹ máa sẹ́ omi adágún kí ẹ tó mu ún. Bí ẹ bá rí aràn tí ń yọ lára ẹnikẹ́ni, ẹ má jẹ́ kí ó wọ odò. Ẹ sáré sọ fún olùtọ́jú ìlera, kí ó má baà degbò.