Ìlà ara takobi kì í ṣe ojú àgbàrá ẹ̀jẹ̀

Takobi ni idà àwọn Hausa. Idà olójú méjì ni, ó gùn, ó fẹ̀, kò sì tẹ̀ kọdọrọ. Òun ni àwọn ẹlẹ́ṣin máa ń fi okùn awọ gbé kọ́ èjìká níbi Durbar, ayẹyẹ tí UNESCO kọ ti Kánò sínú ìwé àjogúnbá àṣà ọmọ aráyé tí kò ṣeé fọwọ́ kàn ní oṣù Kejìlá, ọdún 2024. Takobi kò ṣàjèjì sí ará Sábó, Ilé-Ifẹ̀, àdúgbò tí orúkọ rẹ̀ gan-an jẹ́ gékúrú "sabon gari", ìlú tuntun lédè Hausa.

Ìlà jíjìn sábà máa ń wà lára irin takobi, ó lè tó mẹ́ta, láti ìdí èkù lọ sí ọ̀nà ṣóńṣó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé wọ́n gbẹ́ ẹ kí ẹ̀jẹ̀ lè rí ibi ṣàn gbà ni. Ẹ̀jẹ̀ kò bá a tan. Idà tó wúwo a máa tètè rẹ ọwọ́. Èyí tí wọ́n bá rọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ látòkèdélẹ̀ a sì máa tẹ̀. Ìlà náà ń dín ìwúwo kù, àmọ́ ó fi ibi tó nípọn sílẹ̀ lọ́tùn-ún lósì rẹ̀, ibẹ̀ ni kì í jẹ́ kí irin tẹ̀. Ẹni tó bá mọ ọparun mọ̀ ọ́n: inú rẹ̀ ṣófo, síbẹ̀ a ń fi gbé òrùlé. Àǹfààní mìíràn tún wà fún alágbẹ̀dẹ. Bó ti ń lu ìlà náà wọlé nígbà tí irin gbóná, irin ń sún sí ẹ̀gbẹ́, idà sì ń fẹ̀ láìfi irin kún un. Idà kọdọrọ tí àwọn ọmọ ogun Yúróòpù ń lò láyé àtijọ́ náà sábà máa ń ní irú ìlà bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe ilẹ̀ Hausa ni gbogbo irin takobi ti wá. Nígbà tí arìnrìn-àjò kan, Heinrich Barth, dé Kánò ní 1851, ó rí irin idà láti Solingen, ní Jámánì, tí wọ́n ń fi èkù sí níbẹ̀. Irin Yúróòpù mìíràn ní ààbọ̀ òṣùpá tó ní imú àti ẹnu lára. Àwọn alágbẹ̀dẹ ilẹ̀ wa náà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ òṣùpá sára èyí tí wọ́n fọwọ́ ara wọn rọ. Ó jọ pé nítorí oníbàárà ni, bí aránṣọ ṣe ń lẹ orúkọ ilé iṣẹ́ ńlá mọ́ ṣòkòtò tó rán fúnra rẹ̀. Òṣùpá nìkan kò tó láti fi mọ ibi tí wọ́n ti rọ takobi.