Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Fi Ojú Ara Rẹ̀ Rí I

Ẹ̀kọ́ tí a fi etí gbọ́ lásán kì í pẹ́ lọ́kàn. Èyí tí ojú rí ni í dúró. Síbẹ̀, ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ wa, ẹ̀kọ́ nípa àwọn ohun olómi kò kọjá kí olùkọ́ kọ ọ̀rọ̀ sí ojú pátákó, kí àwọn ọmọ sì dà á kọ. Wọn a há a sórí títí di ọjọ́ ìdánwò. Lẹ́yìn náà, ó parí. Àwáwí tí a ń gbọ́ ni pé kò sí irinṣẹ́.

Àwáwí yìí kò tọ́. Kí olùkọ́ mú ife onígíláàsì kan, kí ó da oyin sí ìsàlẹ̀, kí ó rọra da omi lé e, kí ó sì fi òróró ẹ̀pà kẹ́yìn. Bí a kò bá rò wọ́n pọ̀, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò dúró ní ìpele-ìpele. Lítà omi kan wọn kílò 1. Ti oyin tó nǹkan bí kílò 1.4; ti òróró sì jẹ́ nǹkan bí kílò 0.9. Ọmọ tí ó ti ń gbọ́ láti kékeré pé òróró ní í lékè omi yóò wá mọ ìdí rẹ̀.

Kí ó tún fi abẹ́rẹ́ ìránṣọ lé orí bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ó gbé e lé ojú omi. Bébà yóò rì, abẹ́rẹ́ yóò léfòó, bí ó tilẹ̀ jẹ́ irin, nítorí pé ojú omi fà mọ́ra bí awọ tí a nà. Ẹ kán omi ọṣẹ sí i: abẹ́rẹ́ yóò rì. Ọṣẹ ti dẹ awọ náà. Bákan náà ni ó ṣe ń ran omi lọ́wọ́ láti wọnú aṣọ tí a ń fọ̀.

Kí ọmọ sì fi èdè ara rẹ̀ sọ ohun tí ó rí. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá bèèrè òróró ṣíbí díẹ̀ fún ilé-ẹ̀kọ́, ẹ má ṣe lé e. Ẹ̀yin olùkọ́, ọwọ́ yín ni ó wà. Ìlú tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń há sáyẹ́ǹsì sórí láìrí i, ọjà àwọn tí ó rí i ni yóò máa rà títí.