Òótọ́ àbí irọ́? Mítà ọkọ̀ Japan tí wọ́n yí sí máìlì, irọ́ ló ń pa

Ẹni tó bá fẹ́ ra ọkọ̀ Estima tàbí Alphard ní London, kó kàn dárúkọ rẹ̀ láàárín àwọn ará ilé wa. Kó tó sọ̀rọ̀ tán, ẹnìkan á ti já lu ọ̀rọ̀ náà: "Ti Japan? Èyí tó ń ka kìlómítà tí wọ́n wá yí sí máìlì? Sá fún un o! Kò sí òótọ́ kan lẹ́nu mítà yẹn." Ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe òmùgọ̀. Ó ti fojú rí nǹkan kan. Àmọ́ ṣé ohun tó rò pé ó fà á ló fà á? Ẹ jẹ́ ká tú u wò.

Ẹ̀sùn méjì ni wọ́n so pọ̀ níbẹ̀. Wọ́n ní sipidómítà ń purọ́ nípa eré tí ọkọ̀ ń sá, wọ́n sì ní mílééjì ń purọ́ nípa ibi tí ọkọ̀ ti rìn dé láti ọjọ́ tó ti jáde. A ó gbọ́ ẹjọ́ wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, torí ìwà wọn ò jọra.

Ká mú sipidómítà. Fóònù ni ẹ̀rí tí gbogbo ayé ń mú wá. Ọwọ́ mítà wà lórí 70, fóònù ní 66 lẹ̀ ń sá. "Ẹ ò rí i?" A rí i. Ó dáa, ẹ gbé fóònù kan náà wọ inú Vauxhall tàbí Ford tí wọ́n ṣe fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gan-an, tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kan mítà rẹ̀ rí. Tirẹ̀ náà á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fi nǹkan díẹ̀ ju fóònù lọ ṣáá. Ta ló yí ìyẹn?

Òfin ni. Ìlànà kan wà lábẹ́ àjọ UN, nọ́ńbà rẹ̀ ni 39, tó sọ pé sipidómítà kò gbọdọ̀ fi eré tó kéré sí èyí tí ọkọ̀ ń sá hàn láéláé. Kó bù ú kù, èèwọ̀. Ṣùgbọ́n ó láṣẹ láti fi ìdá kan nínú mẹ́wàá lé e, kó tún fi kìlómítà 4 sí i fún wákàtí kan. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ọkọ̀ tó ń sá 70 máìlì gidi lè máa fi tó 79 han awakọ̀, kó má sì jẹ̀bi lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ mọ̀ pé bí mítà wọn bá bù ú kù, tí kámẹ́rà mú oníbàárà, ọ̀dọ̀ wọn ni yóò gbé ìbínú wá. Nítorí náà wọ́n máa ń bù ú lé.

Mítà ò kúkú rí títì. Iye ìgbà tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ yí ló ń kà. Táyà 205/55R16 tuntun fẹ̀ tó nǹkan bíi mìlímítà 632 láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí ojú rẹ̀ bá jẹ láti mìlímítà 8 dé 1.6 tí òfin gbà, bíi mìlímítà 13 ti lọ nínú fífẹ̀ rẹ̀ nìyẹn. Táyà tó ti kéré á yí púpọ̀ sí i kó tó parí máìlì kan, mítà á sì fi bí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún bù lé ti tẹ́lẹ̀. Ọkọ̀ Japan, ọkọ̀ Jámánì, bákan náà ni.

Báwo wá ni yíyí náà ṣe rí? Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Japan àtijọ́ ní okùn mítà tó ń yí ìgbà 637 fún kìlómítà kan. Nínú àwọn tó dé lẹ́yìn wọn, iná ló ń ta láti ara gíáàbọ́ọ̀sì lọ sí dáṣíbọọ̀dù, rẹwáyà á sì so chip kékeré kan sáàárín wáyà náà tó ń fi 1.609 pín in. Ìṣirò tí kò le rárá ni: láti 1959 ni máìlì kan ti jẹ́ kìlómítà 1.609344, kò sì yẹ̀ láti ìgbà náà. Bí chip náà bá bàjẹ́, tàbí tí wọ́n gbàgbé rẹ̀, àṣìṣe ibẹ̀ kì í ṣe ti mẹ́rin mẹ́rin. Ọkọ̀ á máa sá 70, mítà á máa fi bíi 113 hàn. Afọ́jú nìkan ni kò ní mọ̀, afọ́jú kì í sì í wakọ̀. Nítorí náà, pé yíyí sí máìlì ló fa ìyàtọ̀ díẹ̀ tí fóònù ń fi hàn yẹn, irọ́ ni.

Mílééjì ni ọ̀rọ̀ ti ta kókó.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà yí i kì í ṣe ẹyọ kan. Àwọn kan kàn máa ń lẹ ojú mítà tuntun tí wọ́n tẹ máìlì sí mọ́ ti tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá wo fèrèsé kékeré tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ dáadáa, kìlómítà ló ṣì ń kà lọ. Àwọn mìíràn á fi chip sí i, mílééjì náà á sì máa ka máìlì láti ọjọ́ náà lọ, ṣùgbọ́n ohun tó ti kà sẹ́yìn, kìlómítà ni. Nínú àwọn ọkọ̀ tuntun kan, kọ̀ǹpútà inú dáṣíbọọ̀dù máa ń ṣírò gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ìyẹn ò ní wàhálà.

Oní-chip yẹn ló ń da orí rú. Ká ní Estima kan dé Southampton pẹ̀lú 80,000 kìlómítà, wọ́n fi chip sí i, olówó rẹ̀ wá fi rin 30,000 máìlì. Mítà á fi 110,000 hàn. 110,000 kí ni? Ó dà bí ẹni tó kó pọ́n-ùn àádọ́ta àti náírà àádọ́ta sápò kan, tó wá ní ọgọ́rùn-ún lòun ní. Ohun tí ọkọ̀ yẹn rìn gan-an jẹ́ nǹkan bíi 79,700 máìlì. Ẹni tó ń rà á, tó pe gbogbo rẹ̀ ní máìlì, ti fi nǹkan bí 30,000 kún un. Ẹni tó ń tà á, tó pe gbogbo rẹ̀ ní kìlómítà, yóò ní ọkọ̀ òun ò tíì rin 69,000 máìlì. Ẹ sì mọ èyí tí òǹtajà máa ń yàn.

Ìwé MOT, ìyẹn ìwé àyẹ̀wò ọkọ̀ ọdọọdún nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tún dá kún un. Ẹ lè rí i lórí íńtánẹ́ẹ̀tì: lọ́dún kan 96,000, lọ́dún kejì 63,000. Ariwo á ta pé olè ti dá mítà padà! Ẹ fara balẹ̀ wo lẹ́tà kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà náà. Kìlómítà ni ti àkọ́kọ́, ìyẹn nǹkan bíi 59,650 máìlì. Máìlì sì ni èkejì. Ọkọ̀ náà ò ju bíi 3,350 máìlì tó rìn lọ́dún náà.

Mi ò bá àwọn tó ń fura wí ṣá o, torí olè wà. Ní Amẹ́ríkà, NHTSA, àjọ ìjọba tó ń rí sí ààbò ọkọ̀, fojú bù ú pé ó lé ní 450,000 ọkọ̀ tí wọ́n ń tà lọ́dún pẹ̀lú mílééjì tí wọ́n ti dá padà. Òfin ibẹ̀ tiẹ̀ sọ pé bí wọ́n bá tún mítà ṣe, tí kò sì lè fi iye ti tẹ́lẹ̀ hàn mọ́, kí wọ́n dá a padà sí òdo, kí wọ́n lẹ ìwé tó sọ iye ti tẹ́lẹ̀ àti ọjọ́ náà mọ́ férémù ilẹ̀kùn òsì. Olè tó ń dá mítà padà ní tirẹ̀ kì í lẹ ìwé kankan. Ìwà olè ni ìyẹn. Yíyí sí máìlì kì í ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kì í ṣe àbúrò rẹ̀.

Nílé ní Nàìjíríà, ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ náà ló kọjú sí wa. Máìlì ni tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà ń kà, a kì í sì í yí i. "Ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún péré ló rìn!" Bẹ́ẹ̀ ni, tó jẹ́ nǹkan bí 161,000 kìlómítà. Ẹni tó sì jẹ́ kí ọwọ́ mítà kan 100 ńlá yẹn lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, tó rò pé ibi tí FRSC, àjọ ààbò ojú pópó, fi òpin sí lòun wà, kìlómítà 161 ló ń sá. 62 orí mítà yẹn ni òpin ọ̀hún.

Bí ẹ bá ń ra ti Japan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwé ìkọ́jáde tó bá ọkọ̀ náà wá ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ béèrè, lẹ́yìn náà rìsíìtì chip tó ní ọjọ́ àti iye tí mítà ń kà lọ́jọ́ náà. Ìṣirò ìṣẹ́jú kan ló kù. Bí òǹtajà ò bá ní ìwé kankan, ẹ ka gbogbo nọ́ńbà náà sí máìlì, kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ ìdúnàádúrà láti ibẹ̀. Tó bá ní kìlómítà wà nínú rẹ̀, kó fi ìwé hàn.