Owó Tẹlifíṣàn Tó Tú Líìgì Olajuwon Ká

Ẹni tó bá ń wo bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Ìjàgbó tàbí ní Ọ̀fà mọ̀ pé kì í ṣe àwọn agbábọ́ọ̀lù ló yàn án pé kí ìdíje kan bẹ̀rẹ̀ láago kan àbọ̀ ọ̀sán Sátidé. Ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣàn tó sanwó ló fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, agbára wọn ti kọjá ọ̀rọ̀ aago. Owó wọn ló ń pinnu yunifásítì tí yóò máa bá yunifásítì figagbága.

Hakeem Olajuwon, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Èkó ní 1963, gbá bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n fún Yunifásítì Houston. Òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dé àṣekágbá ìdíje àwọn yunifásítì ní 1983 àti 1984. Southwest Conference ni líìgì tí wọ́n wà. Ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́sàn-án ló para pọ̀ síbẹ̀: mẹ́jọ wà ní ìpínlẹ̀ Texas, ìkẹsàn-án sì wà ní Arkansas tó múlé tì í. Aládùúgbò ló ń bá aládùúgbò díje.

Lọ́jọ́ 19, oṣù Kẹfà, 1984, Houston Rockets mú Olajuwon ṣáájú gbogbo ọ̀dọ́ tó fẹ́ wọ NBA lọ́dún náà, títí kan Michael Jordan. Ọjọ́ mẹ́jọ lẹ́yìn náà ni Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà dá ẹjọ́ tí Yunifásítì Oklahoma àti ti Georgia pe NCAA, àjọ tó ń bójú tó eré ìdárayá àwọn yunifásítì. Títí di ọjọ́ náà, NCAA nìkan ló ń ta ẹ̀tọ́ àtifi bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tí àwọn yunifásítì ń gbá hàn lórí tẹlifíṣàn, òun náà ló sì ń fi òdiwọ̀n sí iye ìgbà tí ilé-ẹ̀kọ́ kan lè fara hàn. Ilé-ẹjọ́ ní ìyẹn lòdì sí òfin tó kọ̀ kí ẹnì kan dá ọjà mọ́ra. Bí ilé-ẹ̀kọ́ àti líìgì kọ̀ọ̀kan ṣe gba àṣẹ láti ta tiwọn nìyẹn.

Kí ni tẹlifíṣàn ń rà gan-an? Ojú àwọn òǹwòran ni. Bí oníṣòwò ṣe ń wá ṣọ́ọ̀bù sí orítá tí èrò pọ̀ sí, bẹ́ẹ̀ ni líìgì ń wá ilé-ẹ̀kọ́ tí yóò mú ìpínlẹ̀ tuntun wọlé fún un.

Arkansas ló kọ́kọ́ gbéra, ó bá líìgì SEC lọ. Ìpínlẹ̀ Texas nìkan ló kù tí Southwest Conference ní láti tà. Ní 1994, Yunifásítì Texas, Texas A&M, Baylor àti Texas Tech náà kéde pé àwọn ń lọ dara pọ̀ mọ́ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ líìgì Big Eight. Big 12 ni wọ́n dá sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ ní 1996, ọdún tí Southwest Conference parẹ́. Houston, Rice, TCU àti SMU kù sílẹ̀. Houston wà lára àwọn ìlú tó tóbi jù lọ ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n àwọn ará ibẹ̀ ti ń wo Texas àti Texas A&M tẹ́lẹ̀. Kí ni Big 12 tún fẹ́ fi Yunifásítì Houston ṣe?

Líìgì mìíràn, Big Ten, dá ìkànnì tẹlifíṣàn tirẹ̀ sílẹ̀ ní 2007, èyí tó ń gba owó oṣooṣù lórí ilé kọ̀ọ̀kan tí wáyà rẹ̀ wọ̀. Ní 2014, ó mú Rutgers tó sún mọ́ New York, ó sì mú Maryland tó sún mọ́ Washington. Rutgers kò lókìkí púpọ̀ nínú bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n ilé tó yí i ká pọ̀ bí eṣú. Ní 2022 ó tún fa USC àti UCLA láti Los Angeles, ó sì fọwọ́ sí àdéhùn ọdún méje tó lé ní bílíọ̀nù 7 dọ́là pẹ̀lú Fox, CBS àti NBC.

Líìgì Pac-12, tí ìpilẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ti wà láti 1915, ni wọ́n fa USC àti UCLA yọ nínú rẹ̀. Nígbà tí kò rí àdéhùn tó jọjú gbà ní 2023, àwọn yòókù tú ká. Mẹ́wàá nínú ilé-ẹ̀kọ́ méjìlá lọ. Oregon State àti Washington State ló ṣẹ́ kù. Stanford àti California, tó wà létí òkun Pàsífíìkì, ń díje báyìí nínú ACC, líìgì tí wọ́n fi Àtìláńtíìkì sọ lórúkọ.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló ń ru ẹrù rẹ̀. Láti Los Angeles dé ọgbà Rutgers lé ní kìlómítà 3,500, eléré ìdárayá tí tẹlifíṣàn kì í fẹ́ fi hàn náà sì ní láti rin ìrìn yẹn láàárín ìdánwò méjì. Ọ̀rọ̀ àwọn tó kù sílẹ̀ ní Texas tún dunni ju bẹ́ẹ̀ lọ. TCU wọ Big 12 ní 2012, Houston tẹ̀ lé e ní 2023, ọdún 27 lẹ́yìn tí Southwest Conference parẹ́. SMU wọ ACC ní 2024, ṣùgbọ́n ó ní láti yááfì owó tẹlifíṣàn líìgì náà fún ọdún mẹ́sàn-án kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn fún un. Rice ṣì wà lẹ́yìn òde.

Ní Nàìjíríà, NUGA, ìdíje eré ìdárayá àwọn yunifásítì, ti wà láti 1966, HiFL, líìgì bọ́ọ̀lù àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga, sì bẹ̀rẹ̀ ní 2018. Wọ́n nílò owó tẹlifíṣàn lóòótọ́. Ní Ọ̀fà, ìlú tí a ń fi ìjàkadì kì, irú owó bẹ́ẹ̀ lè ra ohun èlò fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Pólì. Ṣùgbọ́n kí àwọn aláṣẹ tó fọwọ́ síwèé, ó yẹ kí wọ́n kọ ọ́ sínú àdéhùn iye tí yóò kan ilé-ẹ̀kọ́ tí kò lókìkí, àti bí ìrìn àjò akẹ́kọ̀ọ́ ṣe gbọ́dọ̀ jìn mọ.