Ọmọ Òrukàn Ní Ẹbí



Ká ní obìnrin kan kú lórí ìkúnlẹ̀ ní Ọfẹ̀, ní agbègbè Ṣábẹ. Ọmọ rẹ̀ yè. Baba ọmọ náà ti kú ṣáájú, ó sì fi oko kajú kékeré kan sílẹ̀. Ìyá tó bí obìnrin náà wà láàyè, ṣùgbọ́n ó ti darúgbó. Tọkọtaya kan nínú ìjọ wọn gba ọmọ náà sọ́dọ̀. Àgbẹ̀ ni wọ́n, wọ́n sì ti bí ọmọ mẹ́rin.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, àlejò kan dé. Ó ní òun mọ ìdílé Kristẹni kan ní ilẹ̀ òyìnbó tí wọ́n fẹ́ gba ọmọ òrukàn tọ́.

Ó ní: "Ẹ ṣáà tẹ̀ka sí ìwé yìí. Kò sí wàhálà ilé ẹjọ́ níbẹ̀. Màmá àgbà yóò rí owó díẹ̀ fi tún ilé ṣe. Ọmọ yóò sì kàwé."

Ìyá àgbà yíjú sí ọkùnrin tó gba ọmọ náà. Ó ní: "Ọmọ mi, kí lo rí sí i?"

Ọkùnrin náà dáhùn pé: "Màmá, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ ná. Ẹ má tíì tẹ̀ka."

Ó ṣe dáadáa. Ẹ jẹ́ ká wo ìdí rẹ̀.

Àìná, ọmọ tí wọ́n fi ta ọba lọ́rẹ

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun ní ilẹ̀ wa. Ní ọdún 1848, àwọn ọmọ ogun Dàhọ̀mì kó ìlú Òkè-Ọdàn. Wọ́n pa òbí ọmọbìnrin kékeré kan, wọ́n sì mú un lọ sí Abomey. Àìná ni orúkọ rẹ̀. Orúkọ àmútọ̀runwá ni, orúkọ ọmọ tí ìwọ́ kọ́ lọ́rùn nígbà tí wọ́n bí i.

Ní ọdún 1850, Frederick Forbes, ọ̀gá ọkọ̀ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì, wá bẹ Gezo ọba Dàhọ̀mì pé kí ó jáwọ́ nínú òwò ẹrú. Gezo fi Àìná rán an sí ọbabìnrin Victoria, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn. Forbes gbà á, nítorí ó mọ̀ pé bí òun bá kọ̀, wọ́n lè pa ọmọ náà. Wọ́n sọ ọ́ ní Sarah Forbes Bonetta. Bonetta ni orúkọ ọkọ̀ Forbes.

Victoria fẹ́ràn ọmọ náà, ó sì ń san owó ìtọ́jú rẹ̀. Ọmọ náà mọ̀wé, ó sì mọ orin. Ṣùgbọ́n láti ọwọ́ dé ọwọ́ ni ó ń lọ. Ó gbé lọ́dọ̀ ìdílé Forbes. Ní ọdún 1851, wọ́n rán an lọ sí ilé ìwé àwọn míṣọ́nnárì ní Freetown, nítorí òtútù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò bá a lára mu. Ní ọdún 1855, wọ́n tún pè é padà, wọ́n sì fi í sọ́dọ̀ ìdílé míràn. Àwọn àgbà ni wọ́n ń pinnu gbogbo rẹ̀.

Ní ọdún 1862, ó fẹ́ James Davies, oníṣòwò ọmọ Yorùbá, ní ìlú Brighton. Lẹ́yìn náà wọ́n gbé ní Èkó. Ikọ́ ife pa á ní ọdún 1880. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun kan: nínú ìwé ìgbéyàwó rẹ̀, "Ina" ni ó ṣáájú orúkọ rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún méjìlá, orúkọ ilé kò parẹ́.

Àwọn onígbàgbọ́ tí wọ́n gbà á là ṣe oore. Ṣùgbọ́n oore nìkan kò tó. Ọmọ ní ilé, ó ní orúkọ, ó sì ní ẹbí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ṣáàdì

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2007, ẹgbẹ́ kan láti Faransé, Arche de Zoé, kó ọmọ 103 jọ ní Abéché, ní ilẹ̀ Ṣáàdì. Wọ́n fẹ́ fi ọkọ̀ òfúrufú kó wọn lọ. Wọ́n ní ọmọ òrukàn láti Darfur ni wọ́n. Àwọn ìdílé ti ń retí wọn ní Faransé.

Àwọn aláṣẹ dá wọn dúró. Nígbà tí wọ́n wádìí, wọ́n rí i pé ọmọ Ṣáàdì ni púpọ̀ nínú wọn, àti pé òbí púpọ̀ nínú wọn wà láàyè. Àwọn òbí kan ní wọ́n ṣèlérí ilé ìwé fún àwọn ni. Ní oṣù kejìlá ọdún náà, ilé ẹjọ́ dá ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́jọ fún ènìyàn mẹ́fà. Ààrẹ Ṣáàdì dárí jì wọ́n ní ọdún 2008.

Ẹ̀kọ́ wo ni a rí kọ́? Ẹni tí ó bá ń kánjú ṣàánú lè ya ọmọ kúrò lára ìyá rẹ̀.

Ohun tí òfin sọ

Ní ọdún 1993, àwọn orílẹ̀-èdè ṣe àdéhùn ní ìlú Hague lórí ọmọ tí a ń gbà tọ́ láti ilẹ̀ kan sí èkejì. Àdéhùn náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Bẹ̀nẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 2018. Ohun tí ó sọ nìyí:

1. Kí a kọ́kọ́ wò bóyá ìdílé wà fún ọmọ náà ní ilẹ̀ tirẹ̀. Ilẹ̀ òkèèrè ló kẹ́yìn.
2. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi owó ra ìyọ̀ǹda ẹbí.
3. Bí ìyá bá wà, ẹ̀yìn ìgbà tí ó bá bímọ tán ni ó tó lè yọ̀ǹda.
4. Àwọn aláṣẹ ilẹ̀ méjèèjì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i.
5. Kí wọ́n tọ́jú ìwé tí ó sọ ibi tí ọmọ ti wá.

Òfin Bẹ̀nẹ̀ ti ọdún 2006 sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú ọmọdé kúrò níbi tí ó ń gbé láìgba àṣẹ. Ìjọba ṣe òfin yìí lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Etireno, ọkọ̀ ojú omi tí ó kó àwọn ọmọdé láti Kútọnu lọ sí Gàbọ́ọ̀n ní ọdún 2001. Ní ọdún 2015 ni òfin ńlá lórí ẹ̀tọ́ ọmọdé dé.

Ọ̀nà mélòó ni ó wà? Ẹbí lè jókòó, kí wọ́n yan alágbàtọ́ fún ọmọ. Ìdílé míràn sì lè lọ sílé ẹjọ́ láti sọ ọ́ di ọmọ wọn. Oríṣi méjì ni ìyẹn. Nínú èkíní, ọmọ kò já kúrò lára ẹbí tí ó bí i. Nínú èkejì, ọ̀dọ̀ àwọn tuntun ni ó di tirẹ̀ pátápátá, kò sì sí àyípadà mọ́. Kí ẹ tó tẹ̀ka sí ìwé kankan, ẹ bi adájọ́ léèrè èwo ni.

Kí ọmọ tó lè dàgbà

Ọmọ tí kò ní ìyá nílò oúnjẹ kí ó tó nílò ìwé. Ẹ tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Bí obìnrin míràn nínú ẹbí bá fẹ́ fún un lọ́mú, kí ó kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò sídà. Bí kò bá sí ẹni tí yóò fún un lọ́mú, wàrà ọmọ ọwọ́ inú agolo ni kí ẹ lò, bí nọ́ọ̀sì bá ti wí. Ẹ se omi rẹ̀ kí ó hó. Ẹ má bù omi lé e jù kí wàrà má tètè tán. Ife mímọ́ sàn ju ìgò ọmú lọ, nítorí ó rọrùn láti fọ̀. Ẹ má fún un ní ẹ̀kọ tàbí àgbo kí ó tó pé oṣù mẹ́fà. Lẹ́yìn náà, ẹ fi sóyà, ẹ̀pà, ẹyin tàbí ẹja sí ẹ̀kọ rẹ̀. Kí ó gba gbogbo abẹ́rẹ́ àjẹsára, kí ó sì máa sùn nínú nẹ́ẹ̀tì.

Oko kajú náà ńkọ́? Ti ọmọ ni. Kí ẹbí pe àwọn àgbà abúlé, kí wọ́n wọn ilẹ̀ náà, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tí ó bá ń ro ó lè fi owó kajú tọ́ ọmọ náà, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ tà á. Ọmọ tí kò ní ìwé ìbí àti ìwé ilẹ̀ yóò pàdánù ẹ̀tọ́ rẹ̀ lójú ara rẹ̀.

Kí ni kí ìdílé Ọfẹ̀ ṣe?

Kí wọ́n dá ìwé àlejò padà fún un. Kí ìyá àgbà, àwọn ará ìyá àti àwọn ará baba jókòó pọ̀. Kí wọ́n lọ gba ìwé ìbí ní mẹ́rì. Kí wọ́n lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ CPS, tí wọ́n ń pè ní GUPS nísinsìnyí. Bí ẹbí bá fẹ́ kí tọkọtaya yìí tọ́ ọmọ náà, kí ilé ẹjọ́ fọwọ́ sí i. Bí kò bá sí ẹnikẹ́ni nílé rárá, ìdílé òkèèrè lè gbà á, bí wọ́n bá gba ọ̀nà òfin.

Àwọn Kristẹni mọ ìtàn Ẹ́sítà. Kò ní baba, kò ní ìyá. Módékáì, ìbátan rẹ̀, ni ó tọ́ ọ. Mósè náà dàgbà ní ààfin àjèjì, ṣùgbọ́n ìyá tí ó bí i ni ó fún un lọ́mú. Ẹni tí ó bá gba ọmọ tọ́, kí ó gba orúkọ rẹ̀ mọ́ ọn.

Ìbéèrè fún ẹgbẹ́ yín

1. Ọmọ òrukàn mélòó ló wà ní abúlé yín? Ta ni ó ń tọ́ wọn?
2. Ǹjẹ́ gbogbo wọn ní ìwé ìbí?
3. Ta ni ó ń ro oko tí òbí wọn fi sílẹ̀?