Ṣé o mọ̀? Orin ló tú àṣírí ẹyẹ yìí

Ẹyẹ kan wà nínú igbó òkè Himalaya tó jẹ́ pé etí ló ń dá a mọ̀ ju ojú lọ. Ẹ̀yìn rẹ̀ rí bí ewé gbígbẹ, àyà rẹ̀ funfun, àmì dúdú wà níbẹ̀ tótòtó. Òun àti ẹnìkejì rẹ̀ tó ń gbé lókè pátápátá, láàárín àpáta níbi tí igi kì í hù, jọra bí ìbejì.

Lọ́dún 2009, àwọn onímọ̀ ẹyẹ méjì, Per Alström àti Shashank Dalvi, gbọ́ orin àwọn ẹyẹ méjèèjì ní Arunachal Pradesh, ní Íńdíà. Orin ti inú igbó dùn, ó ń fà. Ti orí àpáta ń ha bí ọ̀bẹ tí a fi ń ha ìdí ìkòkò. Ìyàtọ̀ orin yìí ló jẹ́ kí wọ́n fura pé ẹ̀yà méjì ni àwọn ẹyẹ náà. Ó di 2016 kí wọ́n tó sọ ti inú igbó ní Zoothera salimalii, torí Salim Ali, àgbà onímọ̀ ẹyẹ ilẹ̀ Íńdíà.