Ẹ JẸ́ KÁ MỌ̀: Báwo la ṣe ń tọ́jú erè tí a gbà là?

Erè tó máa ń ká jọ bíi bọ́ọ̀lù tí ẹ̀rù bá bà á wà ní Bẹ̀nẹ̀, Tógò àti Gánà. Kò ní oró. Ṣùgbọ́n ejò tí ẹ kò bá mọ irú ẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án o!

🏠 Ilé: Àpótí tó ṣeé tì pa, tó ní ihò atẹ́gùn, ibi ìfarapamọ́ àti abọ́ omi. Kí apá kan gbóná tó 32°C, kí ìkejì wà ní nǹkan bíi 26°C, kó lè yan èyí tó bá a lára mu.

🐀 Oúnjẹ: Òkú eku ni, torí eku ààyè lè bù ú jẹ. Kí eku náà má tóbi ju ibi tó nípọn jù lára ejò lọ. Tó bá ti jẹun, ẹ má gbé e fún ọjọ́ méjì, kó má baà pọ̀ ọ́.

⚠️ Tó bá kọ oúnjẹ, ẹ má fipá ki í bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Erè tó ti dàgbà lè lo ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ láìjẹun. Ẹ jẹ́ kí dókítà ẹran yẹ egbò àti eégbọn ara rẹ̀ wò.

🌿 Tí ara rẹ̀ bá ti yá, ẹ dá a padà sí ìtòsí ibi tí ẹ ti rí i. Ó ń bá àgbẹ̀ dín eku oko kù.